Bẹ́ ẹ ṣe máa ra rọ́ọ̀mù Ọsirélíà tó dáa, kí béárì má bàa tàn yín jẹ

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní òun ti rí rọ́ọ̀mù (rum, ọtí líle tí wọ́n ń fi ìrèké sè) Ọsirélíà tí mo máa ń ròyìn ẹ̀ yẹn o, pé kò tiẹ̀ wọ́n rárá, òun sì ti ra odidi páálí kan sílé de àwọn àlejò. Mo ṣí fọ́tò yẹn, ẹ̀rín pa mí débi pé ìyàwó mi ń bi mí pé kí ló dé. Lóòótọ́ Bundaberg ló wà lára ìgò yẹn, àmọ́ ginger beer ni o, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi ata ilẹ̀ ṣe, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè mu ún kó sì lọ ṣe họ́ọ̀mùwọ́ọ̀kì ẹ̀ láìní wàhálà. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ginger beer yẹn, Bundaberg Brewed Drinks, àti èyí tó ń sè rọ́ọ̀mù, Bundaberg Distilling Company, ìlú kan náà ni wọ́n ti jáde ní Queensland, ìpínlẹ̀ kan ní Ọsirélíà, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Torí náà tẹ́ ẹ bá wà ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston tẹ́ ẹ sì rí Bundaberg nínú fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Coke àti Fanta, ẹ fọkàn balẹ̀, kò lè pa yín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí ló jẹ́ kí n ní kí n kúkú jókòó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí ìbéèrè pé rọ́ọ̀mù Ọsirélíà wo ló yẹ kéèyàn rà ti pọ̀ jù, ẹni tó ń bọ̀ wá kí ọmọ ẹ̀ ní Melbourne á bi mí, ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀bùn fún àna ẹ̀ á bi mí, ẹni tó mu ún lẹ́ẹ̀kan tí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ bó á tún pè mí kó lè bú mi.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ béárì bẹ̀rẹ̀, torí òun lẹ máa kọ́kọ́ rí ní ṣọ́ọ̀bù. Béárì funfun (polar bear) ló wà lára ìgò rọ́ọ̀mù Bundaberg, ẹranko ilẹ̀ yìnyín, bẹ́ẹ̀ ìlú tí oòrùn ti ń sun èèyàn lẹ́yìn ọrùn ni wọ́n ti ń sè é. Ní 1961 ni wọ́n gbé béárì yẹn dé, ìdí ẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ tajà fáwọn ará gúúsù níbi tí òtútù wà, kí wọ́n lè rò pé ọtí yìí á lé òtútù lọ (ní Ọsirélíà, gúúsù ni òtútù wà o, ayé tiwọn yí sódì). Ilé ìsetí yẹn fúnra ẹ̀ ti wà láti 1888. Ohun tó bí i ò ju pé àwọn ilé iṣẹ́ ṣúgà àdúgbò yẹn ní mọ̀láásì nílẹ̀ rẹpẹtẹ tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa dà á sí, ìyẹn omi dúdú tó ń fà bí oyin tó máa ń ṣẹ́ kù tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà kúrò lára omi ìrèké. Ilé ìsetí náà jóná ní 1907, wọ́n tún un kọ́, ó tún jóná ní 1936, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ọtí ṣàn wọnú odò Burnett, mo máa ń ro bí àwọn ẹja ibẹ̀ ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Láti 2000 ni Diageo ti ni ín, àwọn náà tí wọ́n ni Guinness, torí náà ẹ ò lè wọ ṣọ́ọ̀bù ọtí kankan ní Ọsirélíà kẹ́ ẹ má rí béárì yẹn. Bundy làwọn ará ibẹ̀ ń pè é.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Torí pé Bundy ló wà níbi gbogbo, òun làwọn èèyàn máa kọ́kọ́ rà, wọ́n á sì ra èyí tó kéré jù lówó, wọ́n á dà á sí gíláàsì bó ṣe wà, wọ́n á gbé e mì gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń mu ògógóró níbi ìsìnkú, á jó wọn láyà, wọ́n á sì ní ọtí Ọsirélíà ò dáa. Ìgò kan ṣoṣo lẹ tọ́ wò, ẹ fi dájọ́ gbogbo ilẹ̀! Ẹ fi béárì sílẹ̀, ẹ kọjú sí àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn ìgò, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa wò ni orúkọ tí wọ́n pe ọtí náà. Òfin Ọsirélíà ò gbà kẹ́ ẹ ta ọtí ìrèké pẹ̀lú orúkọ rọ́ọ̀mù àfi tó bá ti lo ọdún méjì ó kéré tán nínú àgbá onígi, òfin yẹn sì de èyí tí wọ́n bá kó wọlé láti òkèèrè náà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò le tó báyìí, ẹ lè sè é lónìí kẹ́ ẹ tà á lọ́la ní rọ́ọ̀mù funfun, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí ìgò ọmọ Ọsirélíà tí wọ́n kọ cane spirit sí lára dípò rum, ẹ má rò pé ayédèrú ni, ìrèké kan náà ni, ìkòkò kan náà ni, ọjọ́ orí ẹ̀ ni ò tíì pé. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó dùn ju àwọn àgbàlagbà kan lọ. Òfin yìí kan náà ló fà á tí ọ̀pọ̀ ilé ìsetí kéékèèké ibẹ̀ fi ń ta gin, torí gin ò nílò àgbá, tí wọ́n bá sè é lónìí owó lè wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, rọ́ọ̀mù ní tiẹ̀ á sùn sílẹ̀ fún ọdún méjì, mẹ́ta, márùn-ún, ẹni tó gbà wọ́n sílé á sì máa bèèrè owó ilé ẹ̀ lóṣooṣù.

Ohun kejì ni nọ́ńbà agbára ọtí, ibí yìí ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù torí pé ẹ máa rí UP àti OP lára ìgò Bundy tẹ́nikẹ́ni ò sì ní ṣàlàyé ẹ̀ fún yín. Láyé àtijọ́, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn atukọ̀ ojú omi máa ń da rọ́ọ̀mù sórí ẹ̀tù ìbọn kí wọ́n tó gbà pé ẹni tó tà á fún wọn ò bomi là á. Tí ẹ̀tù yẹn bá ṣì gbaná lẹ́yìn tó ti rẹ, ọtí pé nìyẹn, tí ò bá gbaná, olè ni ẹni tó tà á. Agbára ọtí tí ẹ̀tù ti máa ń gbaná yẹn jẹ́ nǹkan bíi 57%. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ni UP (under proof), èyí tó bá kọjá ẹ̀ ni OP (over proof). Bundy UP jẹ́ 37%, Bundy OP jẹ́ 57.7%. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé OP mu bí UP o, mo tún un sọ, ọkùnrin kan tó ní òun dàgbà sí ìdí ògógóró ló jókòó sí bálíkónì mi lọ́jọ́ kan, gíláàsì méjì péré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

37% yẹn ní ìtumọ̀ o, òun ni ó kéré jù tí òfin Ọsirélíà gbà fún irú ọtí líle bẹ́ẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n bomi là á dé ibi tí òfin dé, torí bí agbára ọtí bá ṣe kéré sí ni owó orí ẹ̀ ṣe ń kéré. Ìgò tó bá jẹ́ 40% tàbí 43% tàbí 46%, ẹni tó sè é ti mọ̀ọ́mọ̀ gbà láti san owó orí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí adùn ẹ̀ má bàa dín kù, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣe ìṣirò yìí fún yín, torí pé òun ló yí bí mo ṣe ń ra ọtí padà pátápátá. Ìjọba Ọsirélíà ń gba owó orí tó lé ní 100 dọ́là wọn lórí lítà kọ̀ọ̀kan ògidì álíkóhóò, wọ́n sì máa ń gbé e sókè lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní Fẹ́búárì àti Ọ́gọ́ọ̀sì. Ìgò 700ml tó jẹ́ 37%, ògidì álíkóhóò tó wà nínú ẹ̀ ò ju bíi 0.26 lítà lọ, owó orí ẹ̀ nìkan á wá tó dọ́là 27. Ẹ wá mú ìgò tí wọ́n ń tà ní dọ́là 45. Ẹ yọ 27, ẹ tún yọ dọ́là 4 tó jẹ́ GST, ìyẹn owó orí ọjà, ó ku 14. Dọ́là 14 yẹn ló máa sanwó ìgò, béárì, mọ́tò, ṣọ́ọ̀bù, èrè, kó tó wá kan rọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀! Ẹ wá mú èyí tó jẹ́ dọ́là 65, 40%. Owó orí ẹ̀ tó 29, GST tó 6, ó ku 30. Ẹ ti rí i báyìí? Dọ́là 20 péré lẹ fi kún un, àmọ́ owó tó dé ọ̀dọ̀ ọtí ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ìdí tí mo fi máa ń sọ fáwọn èèyàn nìyẹn pé ní Ọsirélíà, ọtí olówó pọ́ọ́kú ni èyí tó wọ́n jù, owó orí lẹ̀ ń mu. Tí owó yín ò bá tó, ẹ dúró dé oṣù tó ń bọ̀.

Ohun kẹta ni ibi tí wọ́n ti fa ọtí náà jáde, ṣé mọ̀láásì ni àbí omi ìrèké tútù. Èyí tó pọ̀ jù ní Ọsirélíà mọ̀láásì ni, Bundy, Beenleigh, gbogbo wọn, adùn ẹ̀ máa ń wúwo, ó máa ń rán èèyàn létí ṣúgà tó jóná nídìí ìkòkò. Omi ìrèké tútù yàtọ̀, ó ń rùn bí ìrèké tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu bó èèpo ẹ̀, bíi koríko lẹ́yìn òjò. Àmọ́ omi ìrèké ò ṣe é tọ́jú o, bíi ẹmu ni, tó bá ti kúrò lára igi ẹ̀ á ti máa kan, torí náà ẹni tó bá fẹ́ fi sè rọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ wà nítòsí oko, ó sì gbọ́dọ̀ sè é ní àsìkò ìkórè, láti bíi oṣù Júùnù títí di apá ìparí ọdún. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi kéré. Husk ní Tumbulgum, ní àríwá New South Wales, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, wọ́n ń gbin ìrèké yẹn lórí ilẹ̀ ara wọn. Winding Road náà wà lágbègbè yẹn. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa fẹ́ràn ẹ̀, bàbá kan tó ń mu Guinness láti 1974 tọ́ ọ wò lọ́wọ́ mi, ó ní ó dà bíi pé òun bu koríko jẹ. Èmi fẹ́ràn ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ìgò kan ṣoṣo fún ẹni tí ò mu rọ́ọ̀mù Ọsirélíà rí, Beenleigh ọlọ́dún márùn-ún ni. Mi ò gbowó lọ́wọ́ wọn o. Ilé ìsetí yẹn wà létí odò Albert, láàárín Brisbane àti Gold Coast, ìwé àṣẹ ẹ̀ ti wà láti 1884, ó sì dàgbà ju Bundaberg lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé béárì ò jẹ́ káyé mọ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ẹ̀ dùn: ọkọ̀ ojú omi kan wà tó ń jẹ́ Walrus, tó máa ń lọ láti oko ìrèké kan dé òmíì lójú odò, á fún ìrèké wọn, á sì sè ọtí níbẹ̀ lórí omi, nígbà tí ayé ẹ̀ dópin ni ìkòkò ìsetí inú ẹ̀ gúnlẹ̀ sí Beenleigh. Rọ́ọ̀mù wọn rọ̀ lẹ́nu ju Bundy lọ dáadáa, adùn ẹ̀ bíi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dé góńgó pẹ̀lú fanílà díẹ̀, kò ní bá ọ̀nà ọ̀fun jà. 

Àwọn míì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ orúkọ wọn: Inner Circle, ti ilé iṣẹ́ ṣúgà CSR láyé àtijọ́, àwọn ọ̀gá inú ilé iṣẹ́ yẹn nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ń bù ú fún, ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Àmì róbótó kékeré ni wọ́n fi ń mọ agbára ẹ̀, pupa 40%, àwọ̀ ewé 57.2%, dúdú 75.9%. Èyí dúdú yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wò ó lókèèrè. Hoochery wà ní Kununurra, apá òkè Western Australia, láti 1995 ni wọ́n ti wà, ibẹ̀ gbóná janjan, láti Perth débẹ̀ lórí títì ju 3,000 kìlómítà lọ, ẹni tó bá ní òun fẹ́ wakọ̀ lọ ra ọtí níbẹ̀ kó kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ léèrè dáadáa. Mt Uncle wà ní Walkamin, lókè Cairns. Àwọn tó wà ní Melbourne, ẹ lè wakọ̀ lọ sí JimmyRum ní Dromana lọ́jọ́ Sátidé, kò jìnnà.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ ti máa rà á, bottle-o làwọn ará ibẹ̀ ń pe ṣọ́ọ̀bù ọtí. Ní Queensland ẹ má wulẹ̀ wá rọ́ọ̀mù lórí pẹpẹ súpámákẹ́ẹ̀tì o, ẹ ò ní rí i, ṣọ́ọ̀bù ọtí máa ń dá dúró. BWS àti Liquorland wà káàkiri, àmọ́ Bundy ló máa pọ̀ jù níbẹ̀. Dan Murphy's tóbi jù wọ́n lọ, ibẹ̀ lẹ ti máa rí Beenleigh tẹ́ ẹ bá lọ, ó sì tún láwọn míì lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò sí lórí pẹpẹ. Àwọn ilé kéékèèké, ojúlé wọn gan-an lẹ máa lọ tàbí kẹ́ ẹ rà á lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wọn. Lílọ sójúlé ló dáa jù, torí wọ́n á bù ú fún yín díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó náwó, tí òjò àti òṣìṣẹ́ bá sì gbà, wọ́n á mú yín wọnú ibi tí wọ́n kó àgbá sí, òórùn ibẹ̀ nìkan tó ọtí. Ọmọ ọdún 18 ló lè rà á, tójú yín bá ṣì dà bí ti ọmọdé ẹ mú ìwé ìrìnnà dání. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́ ọtí wò lójúlé méjì mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ò mu wakọ̀, álíkóhóò 0.05 nínú ẹ̀jẹ̀ ni òfin gbà mọ, ọlọ́pàá ibẹ̀ kì í gba ẹ̀bẹ̀ àti "ọ̀gá, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́".

Tẹ́ ẹ bá dé Bundaberg fúnra ẹ̀, ẹ wọlé wo ilé ìsetí náà, ó tọ́ síi. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílùú yẹn ẹ ya ojú sí àwọn ògiri olókùúta tó wà láàárín oko ìrèké. Àwọn èèyàn dúdú láti erékùṣù Vanuatu àti Solomon ló fi ọwọ́ ṣa òkúta yẹn jọ, wọ́n kó bíi 62,000 wọn wá sínú oko ìrèké láàárín 1863 sí 1904, wọ́n tan àwọn kan, wọ́n jí àwọn míì gbé. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ ohun tó gbé àwọn èèyàn wa dé oko ìrèké Cuba àti Bàhíà ò ní nílò kí wọ́n ṣàlàyé ògiri yẹn fún un. Mo dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, mi ò ya fọ́tò.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ìgò àkànṣe tí wọ́n kó sínú páálí aláràbarà. Àwọn èèyàn máa ń tò sórí ìlà ra Bundy tó ní nọ́ńbà lára, kì í ṣe láti mu, láti tún un tà ni. Àwọn kan nínú ẹ̀ dáa gan-an, mi ò ní parọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń rà á lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tún un tà, páálí àti nọ́ńbà lẹ̀ ń sanwó fún. Ṣé ọtí lẹ fẹ́ ni àbí àwòrán?

Ó wá ku àwọn tó wà lókè òkun. Ọ̀pọ̀ ló ń bi mí pé kí ló dé táwọn ò rí Bundy UP ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Atlanta nígbà tí ginger beer ẹ̀ wà níbi gbogbo. Ẹ rántí 37% yẹn? Ní Bìrìtìkó àti Yúróòpù, ọtí tí ò bá tó 37.5% ò gbọdọ̀ jẹ́ rọ́ọ̀mù, ní Amẹ́ríkà 40% ni. Nítorí ìdá kékeré báyìí, ìgò táwọn ará Queensland ń mu lójoojúmọ́ ò lè dé orí pẹpẹ yín pẹ̀lú orúkọ ẹ̀, àfi kí wọ́n sè òmíì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín. Àwọn ilé kéékèèké ní tiwọn, ohun tí wọ́n ń sè lọ́dún ò tó àwọn ará ilé wọn mu. Ọgbọ́n kan wà fáwọn tó wà ní Yúróòpù: àwọn oníṣòwò kan wà tí wọ́n máa ń ra odidi àgbá lọ́wọ́ ilé ìsetí, wọ́n á dà á sínú ìgò tiwọn. Ẹ wá orúkọ Beenleigh lára irú ìgò bẹ́ẹ̀, orúkọ oníṣòwò ló máa tóbi, Beenleigh á wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí wọ́n sè é. Ó máa ń wọ́n, àmọ́ wọn kì í bomi là á púpọ̀, rọ́ọ̀mù Ọsirélíà tó dáa jù tí mo mu rí, irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni, Yúróòpù ló sì ti wá. Ọ̀rọ̀ ayé!

Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó ń ti Ọsirélíà bọ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó rà á ní duty free pápákọ̀ òfurufú, torí pé dọ́là 27 owó orí yẹn ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Bìrìtìkó lè mú lítà mẹ́rin ọtí líle wọlé, Amẹ́ríkà lítà kan ni fún ẹni tó ti pé ọdún 21. Ọkọ̀ òfurufú ò sì gba ọtí tó bá ju 70% lọ rárá, kódà nínú báàgì ńlá, torí náà Inner Circle olójú dúdú yẹn ò lè rìnrìn àjò, èyí tó wà láàárín 24% sí 70% ẹ ò lè kó ju lítà márùn-ún lọ, inú ìgò ẹ̀ tí wọn ò tíì ṣí. Tó bá ń yà ní Dubai tàbí Doha kó tó dé ibi tó ń lọ, kó má ṣe já ọ̀rá tí wọ́n dì í sí o, kó sì tọ́jú rìsíìtì. Èmi máa ń ra tèmi nígboro ni tí mo bá fẹ́ irú tí kò sí ní pápákọ̀, mà á wé e sínú ìró méjì, mà á fi síàárín aṣọ nínú báàgì ńlá, látọjọ́ tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ò fọ́ rí, àfi ìgbà tí mo lo táwẹ́ẹ̀lì dípò ìró, àdìrẹ ìyá mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ má jẹ́ n ròyìn.

Tẹ́ ẹ bá wá délé tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ìgò yín dáa, ẹ má fi yìnyín sí i, ẹ má fi Coke sí i, ẹ da díẹ̀ sínú gíláàsì tí ẹnu ẹ̀ ò fẹ̀, kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbóòórùn ẹ̀ ẹ la ẹnu díẹ̀, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kó ta yín nímú. Ẹ fi ẹnu kàn án, kì í ṣe kẹ́ ẹ gbé e mì, kó rìn lórí ahọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ kán omi bíi ẹ̀kán mẹ́ta sí i, kẹ́ ẹ tún gbóòórùn ẹ̀, rọ́ọ̀mù tó dáa máa ṣí bí ìgbà tẹ́ ẹ ṣí ìdérí ìkòkò, rọ́ọ̀mù tí ò dáa á kàn di omi. Ẹ tún lè da ẹ̀kán kan sí àtẹ́lẹwọ́ kẹ́ ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra á, tí spirit inú ẹ̀ bá ti fẹ́ lọ ẹ gbóòórùn ọwọ́ yín: ìrèké àti igi àgbá ló yẹ kó kù. Tó bá jẹ́ fanílà àti súìtì nìkan lẹ̀ ń gbọ́, wọ́n ti fi nǹkan dídùn sí i, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ spiced sí lára ẹ̀.

Bundy UP ò sí lára èyí tẹ́ ẹ máa dán wò bẹ́ẹ̀, mi ò fẹ́ ṣàbòsí. Kì í ṣe pé ó burú, wọn ò sè é fún mímu lásán ni. Ẹ da òṣùwọ̀n 30ml sí gíláàsì gíga tó kún fún yìnyín, ẹ fún ìdá kan nínú mẹ́rin ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ wá fi ginger beer kún ibi tó kù, ata ilẹ̀ yẹn á mú kí gbogbo ìjóni inú ẹ̀ rọlẹ̀, á wá dùn débi pé ẹ ò ní mọ̀gbà tó tán. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham kó má dá páálí ginger beer yẹn padà, pé lóṣù tó ń bọ̀ tí mo bá ń bọ̀, èmi lẹni tó máa gbé ìgò kejì dání. OP ni mà á mú wá, torí 57.7% ò ní wàhálà lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó Lọ́ńdọ̀n, òṣùwọ̀n 20ml ni mà á máa wọ̀n ọ́n fún un, mà á sì fi ìgò yẹn sábẹ́ àga tí mo jókòó lé.